Béèrè Lọ́wọ́ Ọ̀gá Mẹkáníìkì: Ṣéènì Tuntun Lórí Eyín Àtijọ́

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń yí po: ohun tó ń sọ fún fáàfù, ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọnú ẹ́ńjìnnì tí èéfín sì ń gbà jáde, pé ó ti tó àkókò láti ṣí. Àwa nídìí iṣẹ́ ń pè é ní táímìn. Ọ̀sán Àìkú ni mo jókòó tì wọ́n, lẹ́yìn àmàlà, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti gùn jù, àmàlà ni kẹ́ ẹ bá wí.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Pijó 504 GL ti ọdún 1982 ni bàbá mi fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n papò dà. Tíṣà ni wọ́n, ọkọ̀ yìí ni wọ́n fi gbé gbogbo wa lọ síléèwé. Mo fẹ́ tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe dé gbòǹgbò, mi ò fẹ́ ká kàn lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Mẹkáníìkì mi ti tú u sílẹ̀. Ó ní ríìngì àti bẹ́ẹ̀rìn ni ká pààrọ̀, pé ṣéènì táímìn ṣì le dáadáa, pé ṣéènì Pijó kì í kú. Ọkàn mi kò balẹ̀, ni mo bá lọ sọ́jà. Oníṣòwò kan gbé mẹ́ta síwájú mi: ọ̀kan nínú páálí aláràbarà, ọ̀kan tí kò ní páálí rárá, àti tòkunbọ̀ tó ní wọ́n tú lára ẹ́ńjìnnì tó wá láti òkè òkun. Owó wọn jìnnà síra gan-an. Èwo ni kí n mú? — Ọmọ Tíṣà, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Tíṣà, o kú ìtọ́jú ọkọ̀ bàbá. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Jẹ́ kí n dáhùn ná kí n tó ṣàlàyé. Má mú tòkunbọ̀ yẹn, kódà bí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe sàráà fún ọ. Nínú méjì tó kù, gbàgbé páálí, ara ṣéènì gan-an ni kí o wò. Èyíkéyìí tí o bá sì mú, má ra òun nìkan: ṣéènì, gíà méjèèjì tó ń yí lé lórí, tẹ́ńṣọ́nà tó ń fún un kó má dẹ̀, àti ọ́ìlì síìlì iwájú, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń wọlé.

Mẹkáníìkì rẹ kò purọ́ tán. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ pé ṣéènì Pijó kì í kú ti wá. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé 504 jáde nílẹ̀ Faransé, nígbà tó fi máa di 1969, wọ́n ti fi í joyè ọkọ̀ ọdún náà ní Yúróòpù. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná. Ọdún yẹn kan náà ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Sàfárì ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, lórí ẹrẹ̀ àti òkúta. Àwa tí a ti gbọ́n nígbà yẹn kò nílò ìdíje kankan ká tó mọ̀ ọ́n. A rí bí wágìn rẹ̀ ṣe ń kó èrò àti iṣu àti ewúrẹ́ láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa họ títì, síbẹ̀ tí á padà lọ́jọ́ kejì. Káńṣáfùtù rẹ̀, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, wà nísàlẹ̀ nínú bulọ́ọ̀kù, kò jìnnà sí kíráńkì, ọ̀pá tí písítìnì ń yí, nítorí náà ṣéènì tó so méjèèjì pọ̀ kúrú. Ṣéènì kúrú kì í tètè jẹ. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ ọkọ̀ yẹn ti lé lógójì ọdún. Ṣéènì kì í kú lójijì bíi bátìrì, ńṣe ló máa ń gùn. Àwọn ènìyàn rò pé irin náà ló ń fà bíi rọ́bà. Irin kò fà. Nínú oríkèé kọ̀ọ̀kan, píìnì kan wà tó ń yí nínú ọ̀pá kékeré tó ṣófo, ibi tí àwọn méjèèjì ti ń fara ra ara ni wọ́n ti ń jẹ ara wọn. Ká ní oríkèé kọ̀ọ̀kan jẹ mílímítà 0.05 péré, ìyẹn bí ìdajì ìnípọn bébà kan. Bí ṣéènì bá ní oríkèé 60, ó ti fi mílímítà 3 gùn sí i. Gígùn yìí ló ń jẹ́ kí káńṣáfùtù máa rìn lẹ́yìn kíráńkì bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń fà lọ́wọ́ lọ síléèwé. Fáàfù á máa pẹ́ kó tó ṣí, á tún máa pẹ́ kó tó pa dé. Lórí títì tó tẹ́jú o lè máà mọ̀. Bó bá kan òkè pẹ̀lú ẹrù, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Èèyàn á tú kábúrétọ̀, á pààrọ̀ plọ́ọ̀gù, á yí dísíbítọ̀ tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gù sọ́tùn-ún yí i sósì, owó á sì máa lọ. Ẹjọ́ ṣéènì ni.

Níwọ̀n bí ẹ́ńjìnnì ti wà nílẹ̀, sọ fún mẹkáníìkì rẹ kó fọ ṣéènì náà nínú kẹrosíìnì kó sì nù ún gbẹ. Kó dì í mú lórí kan, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀, bí ẹni na ọ̀pá síwájú. Ṣéènì tuntun á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gbọnrangandan. Èyí tó ti jẹ á tẹ̀ wálẹ̀ bí òṣùmàrè. Kí ẹ jọ wò ó, kò sí ìdí fún àríyànjiyàn mọ́.

Ẹni tí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀ náà lè mọ̀. Ṣí ìdérí dísíbítọ̀, fi sípánà yí kíráńkì lọ sápá kan títí rótọ̀, apá kékeré tó ń yí nínú dísíbítọ̀, fi mì, kí o sàmì sára púlì iwájú. Wá máa yí i padà díẹ̀díẹ̀ títí rótọ̀ yóò fi tún mì. Àyè tó wà láàárín ìgbà méjèèjì ni ìjẹ rẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè jẹ́ ti gíà dísíbítọ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti ju díígírì mẹ́fà lọ, èmi kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ló dé tí mo fi takú pé kí gíà bá ṣéènì wọlé? Mo ti jìyà rẹ̀ rí ni. Ní 1986 mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù, mo ṣì ń bá ọ̀gá mi ṣiṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá. Awakọ̀ 504 wágìn kan dé, ṣéènì rẹ̀ ń dún ṣàkàṣàkà. Owó tó mú wá tó ṣéènì, kò tó gíà. Mo wo eyín gíà náà: wọ́n ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnu wọn mú bí ìwọ̀ apẹja. Mo mọ̀ pé kò dáa. Àánú ọkùnrin náà ló ṣe mí, ó láwọn ọmọ mẹ́rin tó fẹ́ sanwó iléèwé wọn, ni mo bá gbé ṣéènì tuntun lé eyín àtijọ́. Ṣéènì tuntun ní ìwọ̀n tirẹ̀, eyín àtijọ́ sì ti jẹ bá ìwọ̀n ṣéènì tó ti gùn mu. Oríkèé méjì mẹ́ta péré ló wá ń gbé iṣẹ́ tó yẹ kí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án gbé. Kò tó oṣù mẹ́ta tí ariwo fi padà dé. Ohun tí awakọ̀ náà ṣe ni pé ó tan rédíò sókè. Ará ilé wa tó ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò níí jẹ́ ká sùn lóru. Rédíò kì í gbà á sílẹ̀. Ìta Ògbómọ̀ṣọ́ ni ṣéènì ti fo eyín. Púṣírọ́ọ̀dù mẹ́ta, àwọn ọ̀pá tó ń ti fáàfù ṣí, ló tẹ̀. Ọ̀gá mi kò lù mí, kò bú mi. Ó ní kí n tún ẹ́ńjìnnì náà tú lọ́fẹ̀ẹ́, kí n sì fi owó ara mi ra gíà. Ìṣẹ́ tí mo ṣẹ́ lóṣù yẹn, ẹ̀bà àti ata lásán ni mo fi là á kọjá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjà. Páálí kò ṣòro láti tẹ̀, mo ti rí páálí tuntun tí wọ́n ti ṣi orúkọ iléeṣẹ́ náà kọ. Mú ṣéènì jáde nínú rẹ̀. Irú ṣéènì yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Hans Renold, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, ló ṣe é jáde ní 1880, ìrísí rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà náà. Irin tí wọ́n fi ṣe é àti bí wọ́n ṣe fi iná mú un le ló ń ya ojúlówó sọ́tọ̀, ojú lásán kò sì lè rí méjèèjì. Ohun tí ojú lè rí nìyí: ojúlówó máa ń ní àmì ẹni tó ṣe é lára àwọn irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe lórí páálí nìkan. Orí àwọn píìnì rẹ̀ á dọ́gba, kò ní sí èyí tó yọ sókè tàbí tó rì. Fi èékánná yí róólà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí gbogbo wọn yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ọ̀kankan má há. Ti gíà ńkọ́? Mú fáìlì dání, irú èyí tí wọ́n fi ń pọ́n àdá. Tọrọ àyè lọ́wọ́ oníṣòwò, kí o fi fa ẹ̀gbẹ́ orí eyín kan díẹ̀. Bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, eyín náà le. Bó bá bu irin jẹ bí ẹni ń gé ọṣẹ, dá a padà. Oníṣòwò tí kò bá jẹ́ kí o dán an wò ti dáhùn ìbéèrè rẹ nìyẹn.

Ka ìlà rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn iye ọ̀wọ́ róólà tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iye ìlà tó jáde ni kó wọlé. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ta ṣéènì ìlà kan fún rọ́pò ìlà méjì, wọ́n ní ìgbàlódé ni. Ìlà méjì ń pín ẹrù láàárín ara wọn. Bí o bá yọ ọ̀kan, èyí tó kù á gbé ẹrù ẹni méjì. Bí wọ́n bá sì gbé èyí tó ní kílíìpù ìsopọ̀ fún ọ, bíi ti ọ̀kadà, béèrè bóyá wọ́n ní èyí tí kò ní ojú ìsopọ̀ kankan. Ẹ́ńjìnnì rẹ wà ní ṣíṣí, kí lo fẹ́ fi kílíìpù ṣe? Àfi bí kò bá sí òmíràn. Nígbà náà, ẹnu rẹ̀ tó dí ni kó ṣíwájú níbi tí ṣéènì ń yí sí. Gbogbo ọlọ́kadà ló mọ èyí, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn mẹkáníìkì ọkọ̀ ń gbàgbé rẹ̀.

Tòkunbọ̀ tí mo ní kí o má mú: kì í ṣe pé mo kórìíra tòkunbọ̀. Mo ń lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ páàtì tòkunbọ̀, ilẹ̀kùn, gíláàsì, kódà gíábọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ṣéènì tí o kò mọ iye kìlómítà tó ti rìn, eyín ẹlòmíràn ló ti jẹ ẹ́.

Tẹ́ńṣọ́nà ni wọ́n máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú jù nínú ìdílé yìí, òun sì ni mo bẹ̀rù jù. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń tì í kó lè tẹ ṣéènì mọ́lẹ̀. Bí ihò kékeré tí ọ́ìlì ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá dí, ṣéènì tó wọ́n jù lọ ní gbogbo ọjà á máa jó bí okùn ìfọṣọ nínú ìjì. Wo ojú bàtà rẹ̀ níbi tó ti ń kan ṣéènì. Bí ṣéènì bá ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀, tàbí rọ́bà rẹ̀ ti gan, ra òmíràn. Fi afẹ́fẹ́ fọ́n ihò ọ́ìlì náà kí o tó dì í, má sì tú tẹ́ńṣọ́nà sílẹ̀ kó nà síta kó tó dúró sí àyè rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, rẹ ṣéènì sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kó sùn síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé gíà méjèèjì sórí, fi rúlà irin tó gún lélẹ̀ sójú wọn kí o mọ̀ bóyá wọ́n wà lójú ìlà kan náà. Gíà tó fi irun orí kan ṣíwájú èkejì á máa bó ẹ̀gbẹ́ ṣéènì láràárọ̀. Gíà káńṣáfùtù ní eyín ìlọ́po méjì ti kíráńkì, ìdí nìyẹn tí kíráńkì fi ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí káńṣáfùtù tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, kí ẹ tó fi iná sí ohunkóhun, ẹ fi ọwọ́ yí kíráńkì ní ìyípo méjì gbáko, kí ẹ rí i pé àmì ara gíà padà sípò. Bó bá há níbì kan, ẹ dúró, ẹ má fi agbára kún un.

Bó bá jẹ́ pé ẹ pààrọ̀ káńṣáfùtù àti tápẹ́ẹ̀tì tó ń gùn ún pẹ̀lú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa rọra yí lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tan án. Ẹ gbé e sí nǹkan bí ìyípo 2000 ní ìṣẹ́jú kan, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ọ́ìlì lè fọ́n dé ibi tí tápẹ́ẹ̀tì ti ń ra káńṣáfùtù. Ẹ sì ra ọ́ìlì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ilé rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, mo kí yín. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Mo ní Ìjàpá, Volkswagen Beetle, tí mo rà ní tuntun ní 1978, mi ò sì ní tà á láéláé. Ọmọkùnrin tó ń tún un ṣe ní kí n mú owó ṣéènì táímìn wá. Mo ti san ìdajì. Ṣé iye tó pè é kò pọ̀ jù? — Ìyá Ìjàpá, Ìjẹ̀bú-Òde.

ÌDÁHÙN: Mà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ gba owó yín padà. Ìjàpá kò ní ṣéènì.

Ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, ìyàwó mi ní kí n tọrọ àforíjì. Nínú ẹ́ńjìnnì Volkswagen tó wà lẹ́yìn yẹn, gíà kíráńkì àti gíà káńṣáfùtù ló ń ki eyín bọ ara wọn lẹ́nu tààrà. Kò sí ṣéènì, kò sí bẹ́líìtì láàárín wọn. Bẹ́líìtì tí ẹ ń rí lẹ́yìn, ti jẹnérétọ̀ àti fáànù ni. Bóyá ọmọ náà kò mọ̀ ni, bóyá ó mọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ojú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí tiyín jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní 1975. Ẹni tó bá ní Ìgalà, ọkọ̀ tí àwọn ará Bràsíl ń pè ní Brasilia kó tó di Ìgalà lọ́dọ̀ wa, kó fetí sí èyí náà, torí irú ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń mú tutù yìí ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Gíà kíráńkì rẹ̀ jẹ́ irin líle, ti káńṣáfùtù jẹ́ irin fúyẹ́, wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì kàn án mọ́ ọn. Eyín méjèèjì dagun, ìdí nìyẹn tí kì í fi pariwo. Èyí tó fúyẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, ìdọ̀tí inú ọ́ìlì ló sì ń jẹ ẹ́. Lítà méjì àtààbọ̀ péré ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yẹn ń gbà, asẹ́ wáyà lásán ló sì ní nísàlẹ̀, kò ní fíltà bíi ti ọkọ̀ ìsinsìnyí. Bí wọ́n bá tú asẹ́ náà tí ẹ rí ìyẹ̀fun irin tó ń dán bí fàdákà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá sí, tí kò sì pariwo, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní gbogbo kìlómítà 5000, kó tilẹ̀ má pé bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá di pé wọ́n ṣí i lóòótọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bi ọmọ náà: nọ́ńbà wo ló wà lẹ́yìn gíà káńṣáfùtù? Wọ́n máa ń kọ òdo, tàbí +1, +2, tàbí -1 síbẹ̀. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí èèyàn lè yan èyí tó bá àyè àárín kíráńkì àti káńṣáfùtù mu, pàápàá bí wọ́n bá ti gbẹ́ àyè bẹ́ẹ̀rìn kíráńkì nínú bulọ́ọ̀kù rí. Ìmì tí a fẹ́ láàárín eyín àti eyín kò ju mílímítà 0.05 lọ. Kó fi ọwọ́ yí kíráńkì sẹ́yìn nígbà tí ìdajì bulọ́ọ̀kù ṣì wà ní ṣíṣí. Bí káńṣáfùtù bá ń gbé ara sókè kúrò nínú àyè rẹ̀, gíà náà tóbi jù, kó mú nọ́ńbà tó kéré sí i. Bí kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ wá mẹkáníìkì míì. Ẹni tó bá sì fẹ́ ta gíà onírin tí eyín rẹ̀ gún tààrà fún yín, ẹ ní àwọn tó ń sáré ìdíje ló ń lò ó. Á máa hu bí ọlọ ata, ẹ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ jèrè kankan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ń tún Chevrolet Impala ti 1974 ṣe nínú gáréèjì mi, ẹ́ńjìnnì 350 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí sọ́ọ̀ǹpù, àwo ìsàlẹ̀ tó ń gba ọ́ìlì, mo bá àwọn ègé ike nínú ẹrẹ̀ ọ́ìlì. Ọ̀rẹ́ mi kan níbí ní kí n ju ṣéènì nù, kí n ra gíà tó ń ki eyín bọ gíà, pé òun kò lè já títí ayé. Bulọ́ọ̀kù ti dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó gbẹ́ ojú bẹ́ẹ̀rìn kíráńkì rẹ̀. — Bàbá Ìbejì, Houston.

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, eyín lẹ bá nínú sọ́ọ̀ǹpù. Nígbà náà lọ́hùn-ún, kí ẹ́ńjìnnì má baà pariwo, wọ́n máa ń ṣe gíà káńṣáfùtù ní álúmíníọ̀mù, wọ́n á sì fi náílọ́nù ṣe eyín rẹ̀. Ooru àti ọjọ́ orí á mú kó gan, á là, á já bọ́. Ọkọ̀ lè má dúró lọ́jọ́ náà. Asẹ́ tí pọ́ǹpù ọ́ìlì fi ń mu ọ́ìlì ni àwọn ègé yẹn ń wá. Nítorí náà kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ju asẹ́ pọ́ǹpù náà nù, kí ẹ gbé òmíràn síbẹ̀. Fífọ̀ kò tó.

Fún rírọ́pò, gíà irin àti ṣéènì róólà ìlà méjì ni mo gbà yín nímọ̀ràn. Ẹ ṣọ́ra níbí o. Wọ́n ń ta àwọn kan tí wọ́n ń pè ní róólà tí róólà wọn kì í yí. Èékánná ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n, bí mo ṣe sọ fún Ọmọ Tíṣà lókè. Ti ọ̀rẹ́ yín, ó gbọ́n, ṣùgbọ́n gíà sí gíà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn á máa kígbe lójoojúmọ́. Impala ni ẹ fẹ́ gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àbí?

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú lẹ́tà yín lẹ fi sẹ́yìn: wọ́n ti gbẹ́ ojú bẹ́ẹ̀rìn kíráńkì. Iṣẹ́ yẹn máa ń gbé kíráńkì súnmọ́ káńṣáfùtù díẹ̀, ṣéènì tí ìwọ̀n rẹ̀ pé á wá dẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ bi wọ́n níye tí wọ́n gbẹ́. Wọ́n ń ta ṣéènì tó kúrú fún irú rẹ̀, ti ìdá márùn-ún àti ti ìdá mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì. Ẹ rà á gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹ lẹ amọ̀ ìṣeré àwọn ìbejì díẹ̀ mọ́ inú ìdérí iwájú, kí ẹ dé e, kí ẹ yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, kí ẹ tún ṣí i. Bí ṣéènì bá ti gé amọ̀ náà dé irin, àyè kò tó.

ÌBÉÈRÈ: Mercedes 230E 1983 ni mo ní, ẹ́ńjìnnì M102. Láàárọ̀, tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án, ó máa ń dún kéréréré fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Wọ́n ní gbogbo Benz àtijọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé mo lè sọ ṣéènì rẹ̀ di ìlà méjì? A ní ìgbéyàwó l'Ákùúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun la fẹ́ gbé lọ. — Olùkàwé, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Gbogbo Benz àtijọ́ kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí M102 kọ́kọ́ dé, ìlà kan ni ṣéènì rẹ̀, ó sì gùn, torí orí ẹ́ńjìnnì lókè ni káńṣáfùtù rẹ̀ wà. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn padà sọ ọ́ di ìlà méjì nígbà tó yá, ẹ̀yin náà ẹ ro ìdí rẹ̀. Ẹ lè yí i padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣéènì nìkan ló ń yí: gíà òkè àti ti ìsàlẹ̀, àwọn ike tó ń tọ́ ṣéènì sọ́nà, tẹ́ńṣọ́nà, àti ìbéèrè bóyá ìdérí iwájú yín á gbà á. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìlà kan tó jẹ́ ojúlówó, pẹ̀lú ike tuntun àti tẹ́ńṣọ́nà tuntun, ni mo máa ń dì padà, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kéréréré yẹn ni pé ọ́ìlì kò tíì dé ọ̀dọ̀ tẹ́ńṣọ́nà, ṣéènì tó ti gùn sì ń na ike. Bí ike bá ṣẹ́ tàbí ṣéènì bá já, fáàfù àti písítìnì á pàdé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ìdérí òkè lọ́la. L'Ákùúrẹ́ ńkọ́? Ẹ wọ bọ́ọ̀sì.